Owó Aṣọ Ló Gbé Nii Bonne Dé Ìdí Òṣèlú

Ní Kantamanto, láàárín gbùngbùn ìlú Accra, wọn kì í tú ẹrù wò kí wọ́n tó sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra béèlì òkìríkà kan yóò ka owó fún ẹni tó kó o wọlé láti òkè òkun. Alábàárù, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin láti ìhà àríwá Gánà, yóò gbé ẹrù tó tó kílò 55 náà karí, yóò sì gbà á láàárín èrò dé ìsọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gé okùn tí wọ́n fi dì í ni oníṣòwò tó ó mọ ohun tó fi owó rẹ̀ rà. Bí aṣọ tó dáa bá pọ̀ níbẹ̀, ó ti jèrè kó tó di ọ̀sán. Bó bá jẹ́ èyí tó ti ya, tó ti ṣá, tí òógùn ẹlòmíràn ti gbẹ mọ́ lábíyá, gbèsè ló rà. Kò sẹ́ni tí yóò dá a padà fún: ẹni tó kó o wọlé ti gba owó tirẹ̀, ẹni tó dì í ní London tàbí ní Toronto kò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ẹjọ́ owó aṣọ òyìnbó ti pẹ́ ní Accra. Ní ọdún 1948, ẹjọ́ yìí kan náà ló sọ oníṣòwò kan di olóṣèlú. Ó ní kí gbogbo ará Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà, jáwọ́ nínú ọjà tí àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ń tà, wọ́n sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó lé lóṣù kan tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá fi dá páropáro. Ọjọ́ tí àṣẹ náà parí ni ìbọn dún ní Accra, kò sì tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Orúkọ ọkùnrin náà ni Nii Kwabena Bonne. Ẹ yẹ owó cedi tí wọ́n ń ná lónìí wò, ẹ ó rí orí àwọn mẹ́fà tí Gánà ń bọlá fún pé wọ́n jà fún òmìnira. Bonne kò sí níbẹ̀.

Theodore Taylor ni wọ́n ń pè é nídìí òwò. Orí àpèrè ló ti di Nii Kwabena Bonne, Osu Alata Mantse, ìyẹn olórí àdúgbò Alata ní ìlú Osu, níbi tí ilé-odi Christiansborg tí àwọn ará Denmark kọ́ wà létí òkun. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ka èyí yóò ti fura sí orúkọ àdúgbò yẹn. Láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó ń kọ́ ilé-odi sí etíkun ibẹ̀, wọ́n kó òṣìṣẹ́ wá láti ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, láti Àlàdá tó wà ní Benin òde òní àti agbègbè rẹ̀. Àwọn yẹn tẹ̀dó, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ, wọ́n di Gã. Títí dòní, Alata ni ọ̀pọ̀ ará Gánà ń pe ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, ọṣẹ dúdú wa náà ni wọ́n sì ń tà lọ́jà wọn ní alata samina. N kò wí pé Yorùbá ni Bonne o. Gã ni. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó ń darí mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn ti ibi iṣẹ́ òyìnbó di ẹni tó ń bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀.

Ó tún ní oyè kejì, Oyokohene ti Techiman, lókè lọ́hùn-ún ní ìhà Àṣáńtì. Oyè kejì yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìjòyè kékeré ni Mantse àdúgbò kan jẹ́ ní Accra; bó bá jẹ́ Osu nìkan ló ti ń jẹ oyè, àwọn ọba Àkán ì bá má dá a lóhùn. Àmọ́ ẹni tó ní àpèrè létíkun tó tún ní òmíràn nínú igbó lè wọ ààfin méjèèjì láìwọ bàtà ẹlòmíràn. Kún ìyẹn pé ó ti gbé ìlú òyìnbó, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tí òyìnbó kò ní lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí.

Kí ló bí i nínú? Ogun Hitler ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà ogun náà, ìjọba fi òté lé ọjà kíkó wọlé, ẹni tí kò bá ní láísẹ́ǹsì kò lè kó ohunkóhun wọlé. Bí wọ́n ṣe ń pín láísẹ́ǹsì ọ̀hún ni pé wọ́n ń wo iye tí kálukú ti ń kó wọlé kí ogun tó dé. Ẹni tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń rí gbà. United Africa Company (UAC), tí Unilever ni ín, ló léwájú; lẹ́yìn rẹ̀ ni John Holt, G. B. Ollivant, UTC ti àwọn ará Switzerland, CFAO àti SCOA ti àwọn Faransé. Gbogbo wọn ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Association of West African Merchants, AWAM ní ìkékúrú. Orúkọ náà di ìbàjẹ́ débi pé awam ni ará Gánà ń pe gbájúẹ̀ títí di àkókò yìí.

Ogun parí ní 1945, owó sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Kòkó ń tà, àwọn ọmọ ogun ti bọ̀ láti Bọ́mà pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀díẹ̀. Ọjà ni kò sí. Èyí tó wà, ọwọ́ àwọn kọ́ńpìnnì ló wà, àwọn ló sì ń yan ẹni tí wọ́n máa fún. Oníbàárà tí wọ́n fún ní ìwé pélébé tó ń fi hàn pé tiwọn ni, ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń rí aṣọ gbà ní owó ilé ìtajà, yóò sì tún un tà fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yóò tún un tà, títí owó rẹ̀ yóò fi gun òkè kó tó dé ọwọ́ ìyàwó àgbẹ̀ ní abúlé. Àwọn kọ́ńpìnnì tún ní ọgbọ́n mìíràn: bóo bá fẹ́ aṣọ, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ọjà tí kò tà kún un. Aṣọ ló dun àwọn ará ìlú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹran inú agolo, èèyàn lè má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, kò sì sí ìsìnkú, ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí wọn kì í béèrè rẹ̀ ní etíkun yẹn.

Bonne kì í ṣe onímọ̀ ìwé òfin bí lọ́yà Danquah, kì í sì í ṣe asọ̀rọ̀-bí-ìjì bí Nkrumah tó wá di olórí Gánà. Oníṣòwò ni, ojú òwò ló fi wo ọ̀rọ̀ náà: bí olùtajà bá ń yàn ọ́ jẹ, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ìparí ọdún 1947 ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Accra láti gbógun ti ọ̀wọ́n gógó, ó gbé ìkìlọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn kọ́ńpìnnì dín owó ọjà wọn kù kí oṣù Kìíní tó ń bọ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sí ẹni tí yóò ra nǹkan lọ́wọ́ wọn mọ́. Àwọn kọ́ńpìnnì kò kà á sí. Wọ́n ti rí ìjòyè tó bínú rí.

Ohun tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀ ni ìrìn tí Bonne rìn lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bá àwọn ọba sọ̀rọ̀ ní etíkun àti ní Àṣáńtì. Ẹ rántí pé àwọn ọba wọ̀nyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti fi ṣàkóso ìlú. Àwọn ló ní kóòtù ìbílẹ̀, àwọn ló ní agogo tí akéde ń lù. Nígbà tí wọ́n gbà fún Bonne, agogo ìjọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà òyìnbó, owó ìtanràn sì ń bẹ fún ẹni tó bá tàpá sí i. Mo rò pé ibí ni làákàyè rẹ̀ ti hàn jù lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá ní kí èèyàn má rajà, ọlọ́pàá lè mú un. Ọba tó bá ní kí ará ìlú rẹ̀ má rajà, ta ni yóò mú un?

Ní ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Kìíní ọdún 1948, ìdáwọ́dúró náà bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó máa bá a lọ, mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba oníṣòwò kejì, nítorí pé nígbà tí Bonne ń lọ ààfin dé ààfin, ẹlòmíràn ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi kan náà. George Alfred Grant ni, ẹni tí gbogbo Gánà mọ̀ sí Paa Grant. Wọ́n bí i ní Beyin, ní ilẹ̀ Nzema, ní 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1878. Bàbá rẹ̀ àgbà, Francis Chapman Grant, ló ni ìwé ìròyìn Gold Coast Times, òun náà ló sì jẹ́ akápò fún ìjọba àpapọ̀ tí àwọn Fanti gbìyànjú láti dá sílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba gbogbo ilẹ̀ náà. Nítorí náà òwò àti òṣèlú ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gẹdú ni Paa Grant ń tà. Ní 1896, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, George Grant and Company, ọmọ ọdún méjìdínlógún péré. Nígbà tó yá, ó ní ọ́fíìsì ní London, Liverpool àti Hamburg. Ní 1926 wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ṣojú Sekondi.

Ẹni tó ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún, tó lówó, tó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ló tún ń wá nínú òṣèlú ní 1947? Ó dáhùn fúnra rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ọdún tó tẹ̀ lé e: àwọn oníṣòwò dúdú kò rí láísẹ́ǹsì gbà láti kó ọjà wọlé, ìgbìmọ̀ aṣòfin kò sì ṣe ohunkóhun sí i nítorí pé kì í ṣe àwọn tó yẹ ló wà níbẹ̀. Láísẹ́ǹsì. Òun àti Bonne, egbò kan náà ló ń ro wọ́n. Paa Grant pe àwọn lọ́yà jọ, J. B. Danquah, R. S. Blay àti àwọn mìíràn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú United Gold Coast Convention (UGCC) sílẹ̀ ní Saltpond ní 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1947. Òun ni ààrẹ. Àwọn lọ́yà ní iṣẹ́ tiwọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ráyè ṣe akọ̀wé. Ako Adjei, ọ̀kan nínú wọn, wá sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan wà ní London tó lè ṣe é. Paa Grant fi ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ránṣẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà fi wọ ọkọ̀ òkun. Nkrumah lorúkọ rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún náà ló gúnlẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìdáwọ́dúró Bonne bẹ̀rẹ̀, UGCC ti wà, akọ̀wé rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ìwé sórí tábìlì. Kì í ṣe àwọn ló dá a sílẹ̀. Bonne dá tirẹ̀ ṣe.

Ó mú Accra gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, wọ́n ń wo ẹni tó ń wọlé; ẹni tó bá dágbére pé òun fẹ́ ra ìgò ọtí kan, ẹ̀sín ń bẹ fún un, nígbà mìíràn wọ́n á já ọjà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà ló forí fá a jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé ìtajà wọ̀nyí ń fún lọ́jà tí wọ́n ń tà jẹun. Síbẹ̀ wọ́n pa á mọ́. Èyí mú mi rántí Alimotu Pelewura, oníṣòwò ẹja ní Èkó, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà ibẹ̀ nígbà ogun kan náà. Kápútẹ́nì Pullen, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi òté lé owó gààrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó, ó ní owó pọ́ọ́kú ni kí wọ́n máa tà á. Pelewura kò gbà, ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tí ìjọba fi jáwọ́ ní 1945. Ní Èkó, olùtajà ló ń bá ìjọba jà pé owó tí wọ́n dá lé ọjà òun kéré jù. Ní Accra, olùrà ló ń bá olùtajà jà pé tirẹ̀ pọ̀ jù. Ibi méjèèjì ni oníṣòwò ti jáde láti ìdí òwò rẹ̀ tó di ẹni tí Gómìnà gbọ́dọ̀ pè fún ìpàdé.

Wọ́n pè é lóòótọ́. Nínú oṣù Kejì, ìjọba kó Bonne, àwọn aṣojú ọba àti àwọn kọ́ńpìnnì jókòó sójú kan. Nígbà tí wọ́n dìde, àdéhùn ti wà: èrè tí àwọn kọ́ńpìnnì ń gbé lé ọjà, tó jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di ìdá 50, wọn yóò dán an wò fún oṣù mẹ́ta, ìdáwọ́dúró yóò sì parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí inú ìṣirò yìí ni gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé e wà. Ká ní aṣọ kan gúnlẹ̀ sí èbúté ní ṣílè 20. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé ṣílè 15 lé e, yóò di 35. Lábẹ́ àdéhùn tuntun, ṣílè 10 ni wọ́n á gbé lé e, yóò di 30. Èrè kọ́ńpìnnì ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, ẹnikẹ́ni tó bá ti tajà rí mọ̀ pé ó ta wọ́n. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó fẹ́ ra aṣọ, ṣílè 5 péré ló bọ́ nínú 35, ìdá kan nínú méje. Ohun tí wọ́n sì gbọ́ ní ìgboro kì í ṣe ìdá kan nínú méje. Àádọ́ta ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gbà pé owó ọjà ti di ìdajì.

Bonne mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrè àti owó ọjà, oníṣòwò ni. Àwọn tí wọ́n jókòó tì í nípàdé náà mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tó ti fara da oṣù kan láìra aṣọ, tó ti ń ka owó rẹ̀ dè é. Mo máa ń rò ó pé bó bá jẹ́ olóṣèlú gidi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò ní gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tàbí kó gbà á kó sì wá irọ́ kan bò ó. Bonne ṣe bí oníṣòwò: ó ná ọjà, ó rí ohun tó bójú mu gbà, ó bọ̀wọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, ọ̀pọ̀ èrò ti kún àárín ìlú. Wọ́n wọ ilé ìtajà, wọ́n béèrè owó aṣọ. Ariwo sọ. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọmọ ogun tó ti jà ní Bọ́mà kó ara wọn jọ ní Old Polo Grounds láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún Gómìnà Gerald Creasy lórí owó tí ìjọba ṣèlérí fún wọn. Ilé-odi Christiansborg ni Gómìnà ń gbé, ní Osu, ìlú Bonne fúnra rẹ̀. Ní oríta tó wọ ibẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Colin Imray dá wọn dúró pẹ̀lú ọlọ́pàá díẹ̀. Wọn kò dúró. Imray gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì yìn ín fúnra rẹ̀. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́púrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú lójú ẹsẹ̀.

Ìròyìn náà bá àwọn tó ń bínú nídìí aṣọ ní àárín ìlú. Ó kù sí ọwọ́ iná. Wọ́n fọ́ àwọn ilé ìtajà UAC, wọ́n kó ọjà, wọ́n dáná sun ohun tí wọn kò lè kó. Wọ́n já ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n Ussher Fort. Rògbòdìyàn náà tàn dé Nsawam, Koforidua àti Kumasi. Kó tó rọlẹ̀, ènìyàn 29 ti kú, 237 fara pa.

Láàárín àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bonne pátápátá. Danquah àti Nkrumah ti fi wáyà ránṣẹ́ sí London pé kí wọ́n pe Creasy padà, pé àwọn ti ṣe tán láti gba ìjọba. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: láàárọ̀, owó aṣọ ni wọ́n ń fà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìjọba ni wọ́n ń béèrè. Ní oṣù Kẹta, ìjọba kó àwọn aṣáájú UGCC mẹ́fà sí àtìmọ́lé: Nkrumah, Danquah, Akufo-Addo, Ofori-Atta, Ako Adjei àti Obetsebi-Lamptey. Wọn kò mú Bonne. Wọn kò mú Paa Grant náà. Ẹni tó dá ìdáwọ́dúró sílẹ̀ àti ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, oníṣòwò méjèèjì, sùn sílé wọn. Bó ṣe di pé àwọn mẹ́fà yẹn di akọni nìyẹn. Àtìmọ́lé náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi dé wọn ládé.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Aiken Watson ṣe alága rẹ̀ dé, ó fetí sí gbogbo ẹjọ́, ó sì ka ìbínú sí AWAM mọ́ àwọn ohun tó fa wàhálà, pẹ̀lú gígé tí ìjọba ń gé igi kòkó tó ní àrùn. Ó dámọ̀ràn òfin ìjọba tuntun. Bonne gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní London ní 1953, ó pè é ní Milestones in the History of the Gold Coast. Àkọlé náà fúnra rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń rán èèyàn létí pé òun náà wà níbẹ̀. Ní ọdún tí ìwé náà jáde, Nkrumah ti di olórí ìjọba. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Paa Grant ní 1949, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, CPP, sílẹ̀, ó wọlé ìbò àárín ìlú Accra ní 1951 nígbà tó ṣì wà lẹ́wọ̀n, pẹ̀lú ìbò 22,780. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó pa àṣẹ Bonne mọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Paa Grant kú ní 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1956. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù kí òmìnira dé.

Ṣé òmìnira wá tán ọ̀rọ̀ owó aṣọ? Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìjọba Nkrumah ra ilé-iṣẹ́ Leventis, ó sọ ọ́ di Ghana National Trading Corporation, kí ìjọba fúnra rẹ̀ lè máa tajà. Owó ọjà kò wálẹ̀. Nígbà tí kò sí AWAM mọ́ láti dá lẹ́bi, wọ́n wá ẹlòmíràn. Ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde, ẹ̀sùn tó sì gbajúmọ̀ jù ní ìgboro ni pé àwọn ló gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn àjèjì náà. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìlọrin, Ṣakí: kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí tí kò ní ilé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ọdún yẹn, ti ìsọ̀ tí wọ́n tì láìta ohun inú rẹ̀ tán, ti gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ sọ́wọ́ oníbàárà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó kan ọmọ onílẹ̀. Ní 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, àwọn sójà ìjọba Rawlings wó ọjà Makola No. 1 palẹ̀, wọ́n ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń kó ọjà pamọ́ tí gbogbo nǹkan fi wọ́n. Ẹ̀sùn tí Bonne fi kan United Africa Company, ìyá aláṣọ ní Makola ni wọ́n wá kà á sí lọ́rùn.

Makola kò jìnnà sí Kantamanto, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Bí owó aṣọ tuntun ṣe ń kọjá agbára mẹ̀kúnnù, bẹ́ẹ̀ ni òkìríkà ń gbòòrò lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè, títí tó fi di pé nǹkan bí 30,000 ènìyàn ń jẹun níbẹ̀. Àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wọn, The Or Foundation, fojú bù ú pé aṣọ mílíọ̀nù 15 ló ń wọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀. Ní òru ọjọ́ kìíní ọdún 2025, iná sọ níbẹ̀, ó jó apá tó pọ̀ jù nínú ọjà náà, ọjọ́ mẹ́fà péré kí John Mahama tó búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó padà.

Gánà òde òní kò ṣaláìní oníṣòwò tó fẹ́ ṣèjọba. Papa Kwesi Nduom, tó ní ilé ìfowópamọ́ nígbà náà, du ipò ààrẹ ní 2008 àti 2012. Nana Kwame Bediako, tó ń kọ́ ilé ńláńlá tà, du ú ní 2024, ìbò rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n yàtọ̀ sí Bonne. Ọrọ̀ wọn ni wọ́n fi ń polówó ara wọn, pé bí àwọn ṣe là yìí làwọn máa mú ìlú là. Ìyẹn ni àwa náà rí ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abíọ́lá fi ẹ̀mí rẹ̀ san ju ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa san láéláé lọ. Bonne kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wo ọrọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé wá, iye tí wọ́n ń ta aṣọ, ó sì mọ ẹni tó ń tà á.

Ní ti àjọ̀dún, Paa Grant ti rí ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ti pàdánù rẹ̀. Ní 2019, ìjọba Nana Akufo-Addo, ọmọ Akufo-Addo tó wà nínú àwọn mẹ́fà yẹn, sọ 4 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n dá UGCC sílẹ̀, di ọjọ́ ìrántí àwọn tó dá Gánà sílẹ̀. Ní 2025 ìjọba Mahama gbé àjọ̀dún náà padà sí 21 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ ìbí Nkrumah. Akọ̀wé ti tún gba ilé lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn ará Kantamanto kò dúró de ẹni tí yóò bá wọn du ipò. Ní 2023, àwọn kan nínú wọn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Brussels, wọ́n lọ sọ fún àwọn tó ń ṣòfin fún ilẹ̀ Yúróòpù pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń rán aṣọ, láti fi bójú tó aṣọ tí wọ́n bá pa tì, ó yẹ kó máa bá aṣọ náà dé ibi tó ń já sí. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò yàtọ̀ sí èyí tí Bonne mú lọ sí ìpàdé oṣù Kejì ọdún 1948: ìpín tó tọ́ nínú èrè aṣọ. Ṣùgbọ́n ìrìn láti Osu dé ẹnu ọ̀nà UAC kò pẹ́, Bonne sì lè ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.